Màmá Wolé-wolé àti Gọ́tà Ẹ̀yìnkùlé Wa

Màmá ti ìka méjì bọ omi inú gọ́tà, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n sì dijú bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Òórùn erùpẹ̀ tútù gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Durumi, ní Abuja, ewé máńgòrò ń kán omi sórí páànù, mo sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ tí ìyá mi ní kí n fọ̀. Màmá fi ìka pa ìka. Ohun dúdú kan ń yọ̀ láàrin ìka wọn. Wọ́n wò mí, èmi náà wò wọ́n, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Ọ́ìlì tí bàbá mi dà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Màmá fi iyanrìn nu ọwọ́, wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Abẹ́ ìbòrí páànù kan lẹ́yìn ilé ni bàbá mi ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Bí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnnì kan, ọ́ìlì tó ti gbó nínú rẹ̀, inú gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, bí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ládùúgbò ti ń ṣe.

Màmá kì í ṣe ẹbí wa. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń gbé yàrá kejì sí tiwa, òun ló sì mú wọn wá sí Abuja láti Ọ̀ṣun lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wolé-wolé ni wọ́n ṣe títí irun wọn fi funfun. Wọ́n máa ń wọ ilé olówó, wọ́n máa ń wọ ilé tálákà, wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Ìjọba ti gba aṣọ kakí lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gba iṣẹ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ó ti máa gbọ́ ṣọ́bìrì wọn lára sìmẹ́ńtì gọ́tà, kàrà, kàrà. Wọ́n á kó ẹrẹ̀, wọ́n á ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, inú àpò ni wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Wọn kì í kó o jọ sí etí gọ́tà, torí wọ́n ní òjò tó ń bọ̀ ló máa dá a padà.

Èmi ni mo máa ń di ẹnu àpò mú. Òórùn rọ́ọ̀bù àti ọṣẹ ìfọṣọ máa ń bá mi níbẹ̀ láti ara wọn. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, títí n ó fi rí Yorùbá rẹ̀ fà yọ. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà yẹn ni mo ti kọ́ èdè tí mò ń fi kọ̀wé yìí. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé gọ́tà òjò ni, pé omi òjò nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá, pé òfin ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé òjò yẹn, wọ́n tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá mi, àwa méjèèjì sì tẹ̀lé gọ́tà náà lọ. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń lọ síbì kankan. Ó gba ẹ̀yìn ilé onílé, ó gba abẹ́ títì, gọ́tà mìíràn wá dà pọ̀ mọ́ ọn, títí ó fi já sínú odò kékeré kan tí àwọn Hausa ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí rẹ̀. Ọkùnrin kan ń pọn omi láti inú odò, ó ń fi bomi rin tẹ̀tẹ̀.

Màmá kí i pé, "Sànnu." Ó dáhùn pé, "Yauwa, Mama, sànnu," ó sì nawọ́ sí ojú omi. Ọ́ìlì ti tẹ́ sórí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ń dán lóríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ó lẹ́wà. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà fa tẹ̀tẹ̀ kan tu, ó fi hàn wá. Etí ewé rẹ̀ ti gbẹ bí ìwé tí iná rà. Mo mọ ẹ̀fọ́ yẹn. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kiri wá sí ẹnu ọ̀nà wa, òun la sì jẹ lánàá.

Màmá kò rán mi sí bàbá mi. Àwọn fúnra wọn ló lọ bá bàbá mi lábẹ́ páànù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọn ò sì da ọ́ìlì síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀, ọ́ìlì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gọ́tà.

Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ló fẹjọ́ sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó mẹ́ta tọ ipa ọ́ìlì náà wá láti ìsàlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ló sì já sí. Bàbá mi pa jẹnẹrétọ̀ tó ń ké níwájú wọn. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà, obìnrin kan tó di fáìlì mọ́ àyà, béèrè ẹni tó ń da ọ́ìlì síbẹ̀. Gbogbo ilé ń wo ilẹ̀, torí bàbá mi ló ń bá gbogbo wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Obìnrin náà wá yíjú sí Màmá, tí ṣọ́bìrì ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó bi wọ́n léèrè.

Màmá wo bàbá mi. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo máa sọ ọ́, àbí kí n sọ ọ́?"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu ọwọ́ wọn.

"Òun ni," ni Màmá wí.

Mo rí bí èjìká bàbá mi ṣe wálẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, mo kórìíra Màmá. Obìnrin náà ní òfin sọ pé kí àwọn ti ìsọ̀ náà pa, ó sì ti ń wá bírò. Màmá fi ṣọ́bìrì ti ògiri. Wọ́n ní iṣẹ́ tí òun náà ṣe jẹun nìyẹn, òun ò ní bá a jiyàn, àmọ́ kí ó fún bàbá mi ní ọjọ́ méje.

"Kọ orúkọ mi sábẹ́ tiẹ̀," ni wọ́n wí. "Bó bá tún dà á, èmi ni kí ẹ wá mú."

Obìnrin náà ní kò tó bẹ́ẹ̀. Màmá ní ó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́.

Bàbá mi kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Màmá kò torí ìyẹn dúró sílé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé àpótí wọn wá sábẹ́ páànù, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wá ìdérí fún àwọn kẹ́ẹ̀gì tí a ó máa rọ ọ́ìlì gbígbó sí. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò dé lójijì nígbà tí abọ́ ọ́ìlì ńlá kan ṣì wà ní gbangba. Bí omi bá kún inú rẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn lọ. Màmá sáré jáde, wọ́n na tapólì bo abọ́ náà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé tapólì àti àwọn fúnra wọn lọ. Bàbá mi ju sípánà sílẹ̀, wọ́n di etí kejì mú. Báyẹn ni àwọn méjèèjì dúró, tí òjò ń pa wọ́n, títí ó fi dá.

"Màmá, ara yín ti tutù," ni bàbá mi wí nígbẹ̀yìn.

Màmá ní ara òun ti tutù ju báyìí lọ rí nítorí gọ́tà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n sáré lọ mú aṣọ gbígbẹ wá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ bílọ́ọ̀kù, tí wọ́n máa ń fi irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ pa inú irin ìmọ-bílọ́ọ̀kù kí sìmẹ́ńtì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi gbà á. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa padà dé, bàbá mi ti kó erùpẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú kúrò, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́ abẹ́ páànù, wọ́n sì mọ etí rẹ̀ sókè kí ohunkóhun má baà ṣàn jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ò ti ìsọ̀.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Màmá padà sí Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dolóògbé. Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, bàbá mi pa gbogbo ẹ́ńjìnnì, wọ́n jókòó sórí táyà. "Màmá yẹn fi mí sùn," ni wọ́n wí, "àmọ́ wọn ò fi mí sílẹ̀."

Gwarinpa ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo rí i pé aládùúgbò wa kan ti fi páìpù já omi ilé ìgbẹ́ rẹ̀ sínú gọ́tà òjò. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, ǹ bá sì fi ránṣẹ́ kí n máa kí i lọ láràárọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi kò gbà. Mo kan ilẹ̀kùn, aládùúgbò náà sì ṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "ẹjọ́ yín ni mo kọ síbí. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Bí ẹ bá sì fẹ́ ká jọ wá ẹni tó máa tún un ṣe, mo ráyè ní Sátidé."

Aládùúgbò náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú wọn le. Ṣùgbọ́n wọn ò pa ilẹ̀kùn dé, èmi náà ò sì kúrò níbẹ̀. Títí dòní, kì í ṣe òtítọ́ sísọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n sọ ọ́ tán, kí n wá kẹ̀yìn sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún.