Imí Eṣú Orí Sàréè Ọkọ Mi

Ojú ọjọ́ ṣú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ti dá, àmọ́ oòrùn kọ̀, kò yọ. Omi ṣì ń kán láti orí páànù, gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Mùṣín sì ń rùn bí òbúkọ.

Imí eṣú ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n bu omi lé jù. Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Yábàá sọ fún mi pé kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa, pé òkè òkun ló ti wá. Mo ní ibi yòówù kó ti wá, ó ti mọ ilé wa. Ọdọọdún ni mo máa ń fà á tu kúrò lórí sàréè ọkọ mi, tí a sin sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá wọn, lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi. Sìmẹ́ǹtì lásán ni, a ò rówó fi táìlì sí i.

Lọ́dún yìí, àbúrò ọkọ mi ní kí n má fà á mọ́. Mo bá a nílé nígbà tí wọ́n gbé mi wá, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń wẹ̀ fún un nígbà yẹn.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín sinmi," ló wí. "Òdòdó ni, ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà?"

Inú mi dùn. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè pé ta ní í fi imí eṣú ṣe ẹwà ilé?

Láàárọ̀ tí mo ń wí yìí, ó mú ọkùnrin kan wọlé. Wọ́n yí ilé po, wọ́n ń wo ògiri, wọ́n ń wo òrùlé. Ìgbà náà ló tó yé mi pé àbúrò ọkọ mi fẹ́ ta ilé. Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òdòdó yín mà pọ̀," ni ọkùnrin náà wí. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ mi. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí sàréè níbí o? Ìyàwó mi ò lè bá òkú gbélé."

"Sàréè kẹ̀! Itẹ́ òkú la máa ń sin àwọn òkú tiwa sí."

Bàtà ọkùnrin náà wà láàárín imí eṣú, lókè àyà ọkọ mi gan-an.

Wọ́n kọ́ mi pé ìyàwó kì í já ọkọ nírọ́ lójú àlejò. Ìgbà tí àlejò lọ tán ni mo tó lanu.

"Ẹ̀gbọ́n yín tó rán yín lọ sílé ìwé lẹ sẹ́ yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ẹrù tó máa dì, ìyàwó wa. Ẹ̀yin lẹ ní, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń mú ìyàwó ẹ̀ bọ̀ lọ́la. Ẹ má fọwọ́ kan ewé yẹn o."

"Mo gbọ́," ni mo wí.

Mo kàn ń wo ewé tí mo fọwọ́ ara mi jẹ́ kó hù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo ká aṣọ mọ́dìí, mo fa imí eṣú tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ilẹ̀ rọ̀, kò bá mi jà. Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ sìmẹ́ǹtì náà títí orúkọ tí wọ́n fi ìṣó kọ sí i fi hàn. Mo gbé àpótí mi sí ìhà orí rẹ̀, mo jókòó, mo ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n kan géètì, èmi fúnra mi ni mo lọ ṣí i.

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó," mo sọ fún obìnrin náà. "Ẹ jẹ́ ká ti ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀."