Ẹnu Onígbàjámọ̀ Níwájú Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀

Onígbàjámọ̀ ni mí, ẹnu mi sì mú ju abẹ mi lọ. Kí n tó gé irun ẹnì kan tán, mo ti tún ayé tò lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi fi ń tì mí lójú: ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, gbólóhùn ẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Tí àwọn oníbàárà bá bi mí, màá ní ìtìjú ni. Nígbà tó yá, mo ní agídí ni. Ìyá ẹ̀ ò bá mi jiyàn; ó kó wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọdé.

Obìnrin náà fi àwòrán kan han ọmọ mi. "Kí nìyí?"

"Ṣíbí ni," èmi ni mo dáhùn.

Ó gbé òmíràn jáde. "Bàtà!" Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà, inú mi ń dùn bí ẹni tó gba ipò kìíní.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń ṣe ọmọ yín lórúkọ: ìṣòro ìdàgbàsókè èdè. Kì í ṣe ìtìjú, kì í ṣe agídí, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fà á. Ọ̀rọ̀ ló máa ń pẹ́ kó tó rí mú. Tiyín ni mi ò tíì mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ dúró dè é."

Ó gbé àwòrán mìíràn jáde. Mo pa ẹnu mọ́, mo sé èémí, òógùn bò mí. Ọmọ mi ò wo àwòrán. Ojú mi ló ń wò. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, ó rí i.

"Dádì," ó ní, "ẹ mí."