Ọwọ́ Òsì ni ti Ẹni Tí Kò Mọ̀ Ọ́n

Títí di òní, bí mo bá rí ọmọdé tó na ọwọ́ òsì sókè nínú kíláàsì, inú máa ń bí mi. Ọmọ náà kọ́ ni mò ń bínú sí. Ẹni tó kọ́ ọ ni, ẹni náà sì ni ọ̀gá ilé ìwé wa, Sà Alojipan, tí gbogbo òbí ní erékùṣù Batuanan ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Rosenda Sumande ni mo fẹ́ sọ. Manang Senda ni gbogbo àwa tíṣà ń pè é, torí ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún wa. Kíláàsì kẹrin ló ń kọ́, èmi ń kọ́ kíláàsì kejì, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló là wá láàárín. Bó bá wúkọ́, mo máa gbọ́. Èèyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn yẹn tún máa ń wálẹ̀ sí i, àwọn ọmọ á sì dákẹ́ lọ gbári. Agídí rẹ̀ pọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní nǹkan, kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bó bá yé e, bí agogo oúnjẹ tilẹ̀ ti lù. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn ọmọ tirẹ̀ ló máa ń dé ìdí ìkòkò kẹ́yìn, tí lugaw, ògì ìrẹsì tí wọ́n ń fún wọn, á ti kù ní ìsàlẹ̀ tí yóò sì ti jóná mọ́ ìkòkò.

Igbarawan ni ilé rẹ̀ wà, lódìkejì omi. Ọkọ rẹ̀ ń bá ọkọ̀ akẹ́rù rìn lójú òkun, Kristel, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni Manang Senda máa ń wọ ọkọ̀ lọ sílé, á padà lọ́jọ́ Àìkú. Bí ìgbì bá dìde, kò sí lílọ, á jókòó sí etí omi, á máa wo ọ̀ọ́kán. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwé tó wà ní Igbarawan. Lọ́dún yẹn, àyè kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní alábẹ̀wò máa wá wo bó ṣe ń kọ́ni. Bí máàkì rẹ̀ bá dáa, á lọ sílé lọ máa bá ọmọ rẹ̀ gbé. Bí kò bá dáa, ẹlòmíràn á gba àyè náà. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìsọdipúpọ̀ ni iṣẹ́ tó bọ́ sí ọjọ́ náà, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ méjì lọ́nà nọ́ńbà ẹlẹ́yọ méjì. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé rí á mọ ibi tí wọ́n máa ń ṣubú sí. Wọ́n á ṣe ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Tó bá di ìlà kejì, wọ́n á tò ó sábẹ́ ti àkọ́kọ́ gbọọrọ, wọ́n á ro ó pọ̀, ìdáhùn á wá di nǹkan tó ń tini lójú. Àwa tíṣà á ní, "Ẹ sún un sápá òsì." Wọ́n á sún un, wọn ò mọ ìdí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbàgbé. Manang Senda kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má sún nǹkan tí ẹ ò mọ ìdí tí ẹ fi ń sún un."

Ní kíláàsì rẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ náà kò tíì yé rárá ni Jovelyn Egida. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Òun àti ìyá rẹ̀ ló máa ń so guso, ewé òkun tí wọ́n ń gbìn sórí okùn nínú omi, kó tó wá sílé ìwé. Bó ṣe ń wọlé ni òórùn iyọ̀ á ti bá a wọlé.

Ó ku ọ̀la kí alábẹ̀wò dé, Sà Alojipan wọ kíláàsì kẹrin. Mo ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ dáadáa. Bí àlejò wa bá wà níbí lọ́la, tí tíṣà yín bá béèrè ìbéèrè, ta ló máa nawọ́?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, Sà!"

"Rárá o. Gbogbo yín ni! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó na ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Tíṣà á ti mọ ẹni tó máa pè. Ṣó yé yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Eré ni wọ́n pè é. Ó ní kí wọ́n dán an wò, wọ́n sì dán an wò, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé tí kò mọ nǹkan, tó yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "Kò yé mi," òun ni wọ́n ń kọ́ láti fi ọwọ́ parọ́. Ẹ̀jẹ̀ ara mi gbóná débi pé ṣọ́ọ̀kì kán sí mi lọ́wọ́.

Manang Senda tẹ̀ lé e jáde. "Sà, irọ́ lẹ ń kọ́ wọn yẹn."

"Manang, ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Ilé ìwé wo ni kì í ṣe é?"

"Èmi kì í ṣe é."

"Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi wà níbí láti ọdún tó ti pẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ lọ bá ọmọ yín, àbí ẹ ò fẹ́?"

Ọkùnrin náà mọ ibi tó ń dùn ún, ibẹ̀ gan-an ló sì fìka bọ̀. Òun náà ń wá ìgbéga tirẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ló sì fẹ́ fi gùn ún bí àkàbà.

Alábẹ̀wò dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú bàtà tó tutù. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Wọ́n fún un ní omi àgbọn, wọ́n gbé àga tó dáa jù fún un sẹ́yìn kíláàsì. Mo fún àwọn ọmọ tèmi ní àwòrán kí wọ́n máa kùn ún, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí kó bá mi wí.

Manang Senda kọ 23 × 14 sójú pátákó. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ta ló lè wá ṣe é?"

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Sà Alojipan di ọwọ́ mú sẹ́yìn, àyà rẹ̀ yọ síwájú. Ohun tó kù kò ju kí Manang pe ẹnì kan tó na ọwọ́ ọ̀tún, kó lọ sílé.

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dé ọwọ́ Jovelyn, ọwọ́ òsì, tó nà gbọọrọ. Ọmọ náà tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé òun ń ṣe ohun tó dáa fún tíṣà òun. Ohùn Manang wálẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ na ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbé e sílẹ̀."

Ọwọ́ tó kù lókè pọ̀ ju ohun tí mo rò lọ. Sà Alojipan wúkọ́. Manang kò wò ó.

"Jovelyn, wá."

"Tíṣà, ọwọ́ òsì ni mo nà o!"

"Mo rí i. Wá."

Jovelyn kọ 92. Ó tò 23 sábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ. Ó ro ó, ó kọ 115, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Alábẹ̀wò wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Manang kò ní ó tọ̀nà, kò ní kò tọ̀nà. Ó ní, "Ká ní ìdì guso mẹ́tàlélógún lẹ so sórí okùn kan. Okùn mẹ́wàá ńkọ́?"

"Igba ó lé ọgbọ̀n, Tíṣà." Kò tilẹ̀ rò ó.

"Okùn mẹ́rìnlá wá ńkọ́?"

Jovelyn yíjú sí pátákó. Ó fi ìka tẹ ìdáhùn ara rẹ̀. "Márùn-ún dín lọ́gọ́fà…" Ó dákẹ́. Ó tún un wò. Lójijì ló fìbínú kígbe, "Háà! Tíṣà, ta ló jí guso wa?"

Kíláàsì tú ká fún ẹ̀rín. Ọmọkùnrin kan pariwo pé, "Ẹja ló jẹ ẹ́!" Jovelyn kò dá a lóhùn. Ó ti dojú kọ pátákó bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ lọ́jà. Ó fi ọwọ́ nu 23 yẹn nù, ó nàka sí 1 tó wà nínú 14. "Ọ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀kan. Okùn mẹ́wàá ni!" Ó kọ 230 síbẹ̀, ó ro ó mọ́ 92, ó kọ 322, gàdàgbà.

Omi bọ́ lójú mi, n ò sì ní purọ́ fún yín, inú ń bí mi pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tí à ń lu ọmọ lé lórí ló fojú ara rẹ̀ rí yẹn. Manang pe àwọn ọlọ́wọ́ òsì yòókù síbi pátákó, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí agogo fi lù. Orin tó yẹ kí wọ́n kọ fún alábẹ̀wò, wọn ò kọ ọ́. Páálí aláwọ̀ mèremère tí Sà Alojipan gé kalẹ̀, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án.

Ní ọ́fíìsì, alábẹ̀wò ní, "Tíṣà, ẹ̀kọ́ yín kò dé ìdajì. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n nìkan lẹ gbájú mọ́."

"Mà, kí wọ́n tó dìde, wọn ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí ni wọ́n tún ń pè ní ẹ̀kọ́?"

"Ohun tí mo rí ni mo máa kọ."

Ó sì kọ ọ́. Àyè Igbarawan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù mìíràn, tí wọ́n ní kíláàsì rẹ̀ ń dáhùn bí ẹní ń kọrin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Níbi tiwa yìí, ó dà bíi pé òtítọ́ kò rówó ọkọ̀ san.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, Manang Senda lọ sí ayẹyẹ ilé ìwé Kristel. Wọ́n pe ọmọ náà jáde, wọ́n ní òun ló mọ ìṣirò jù ní kíláàsì kẹta, ìyá rẹ̀ sì gun orí pèpéle lọ fi rìbọ́nù sí i láyà. Inú rẹ̀ dùn gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ pancit, oúnjẹ àríyá, tán, ó ní kí Kristel ṣe 32 × 12 fún òun. Ọmọ náà kọ 64, ó kọ 32 sábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, ó ní ó jẹ́ 96. Rìbọ́nù ṣì wà láyà rẹ̀.

"Kristel, kò tọ̀nà."

"Nanay, wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n!" Ló bá bú sẹ́kún.

Ìyá ọkọ gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. "Kí ló dé tó o fi ń pa ọmọ lẹ́kún lọ́jọ́ ayọ̀ ẹ̀? Ìdí ọmọ ẹlòmíràn lò ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí láti ọjọ́ yìí. O wá dé, o ń wá ẹ̀sùn sí ti ìdílé ẹ!"

Manang sọ fún mi pé òótọ́ ni ìyá ọkọ òun sọ.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ilé ìwé wọlé, àwọn méjì ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kristel gbé báàgì rẹ̀ sórí, ìyá rẹ̀ gbé àpò ìrẹsì. Sà Alojipan wà lẹ́nu géètì tó ń gba orúkọ àwọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ náà.

"Ṣé ẹni tó gba rìbọ́nù ìṣirò nìyí? Káàbọ̀ o! Manang, ẹ wò ó, bí alábẹ̀wò bá tún dé, òun la máa gbé síwájú."

Ohùn Manang wálẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́ ọ.

"Ẹ má gbé e síwájú ẹnì kankan, Sà. Ọmọ mi kò mọ ìsọdipúpọ̀. Ohun tó gbé e wá nìyẹn."