Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Ọ̀sà Ajah

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ìkirè. Àpótí iṣẹ́ káfíńtà mi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n kò sí òòlù nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ ẹja ló kún un. Báàgì dòdò Ìkirè wà lọ́wọ́ òsì, nítorí a kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo. Ìyá Bísí tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ti jí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.

"Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ ríṣẹ́ sí Èkó ni?"

"Ẹja ni mo fẹ́ lọ pa."

Ẹ̀rín rẹ̀ bá mi dé etí títì. Ní Ìkirè, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ni a ti ń rí ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ìrìn àjò náà. Ràfíátù ìyàwó mi, tó di olóògbé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ etí ọ̀sà ni, ní abúlé kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní Thomas Estate lónìí. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀, mo ń kan òrùlé ní Jakande, Ìlàsàn. Ní ilé wọn, àna tó bá ti ìlú òkè tí kò sí ọ̀sà wá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹja kan fún ìyá ìyàwó. Ẹyọ kan péré. Èmi ò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, omi tó bá sì ti ń wá orúnkún mi, ẹ̀rù rẹ̀ ti bà mí. Mo lọ ra ẹja lọ́jà. Mo wọ ọ̀sà díẹ̀ kí ṣòkòtò mi lè tutù, mo ṣan ẹja náà níbẹ̀, mo gbé e lọ, mo ní èmi ni mo pa á. N kò mọ̀ pé kòtè ni mo rà. Kòtè kò sí nínú ọ̀sà. Inú yìnyín ni wọ́n ti ń kó o wá láti òkè òkun. Wọ́n gbà á, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Àna Kòtè ni orúkọ mi nínú ilé yẹn.

Lóṣù tó kọjá, ìyá náà pè mí lórí fóònù. Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ wọn, n kò yọjú, n kò sì mọ ohun tí mo lè wí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé okùn tó so wá pọ̀ ti já.

"Àna Kòtè," wọ́n ní, "eyín mi ku mẹ́rin. Bí o bá ṣì fẹ́ jẹ́ àna mi, má jẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kí ẹja mi tó dé."

Wọ́n pa fóònù. Èmi náà ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Igba náírà ni mo san dé Ìwó Road ní Ìbàdàn, mo san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo jẹ búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná níbẹ̀. Àkàrà wọn kéré sí tiwa, ṣùgbọ́n ata wọn kò kéré. Láti ibẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, igba náírà ó lé àádọ́ta. Ọ̀nà náà dára níbi tó bá ti dára.

Ẹ̀pẹ́ ni ìdánwò ti dé. Ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja. Ọ̀bọ̀kún tútù ń fi ìrù na ara wọn nínú bàsíà. Obìnrin kan gbé ọ̀kan sókè sí fèrèsé mi.

"Bàbá, ẹ gbé eléyìí lọ sílé àna yín. Ó ṣì ń mí o!"

N kò mọ bí ó ṣe mọ̀ pé ilé àna ni mò ń lọ. Bóyá ó rí i lójú mi. Mo ti fèrèsé, mo sì wo iwájú bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó má wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí kí Ràfíátù tó fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ìwé ẹnìkejì sì wù mí wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Kòròpé ni mo wọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, bọ́ọ̀sì kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Nígbà ayé mi níbẹ̀, igbó àti igi àgbọn ló wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà yìí. Nísinsìnyí, láti Ṣàngótẹ̀dó lọ, ilé lórí ilé ni. Mo ń wo òrùlé wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò tẹ́jú. Awakọ̀ wo àpótí mi.

"Bàbá, àpótí yìí máa san owó ìjókòó o."

"Irinṣẹ́ ẹja ni."

"Ẹ gbé irinṣẹ́ ẹja láti òkè wá sí Ajah? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sókè, kí wọ́n má baà rò pé tiwa ti tán."

Gàníyù, àbúrò Ràfíátù, pàdé mi ní Ajah. Ọmọdé ni nígbà ìgbéyàwó wa; ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí àwọn ará ẹ̀sìtéètì ń háyà lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní kó mú mi lọ kí Màmá.

"Wọ́n ní kí ẹ má yọjú lọ́wọ́ òfo, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ mi lẹ máa sùn."

"Mo gbé dòdò wá."

"Dòdò kò ní ìrù."

Mo gbọ́dọ̀ padà sí Ìkirè lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní.

Ó mú mi lọ wo ohun tí a máa wọ̀. Kò jọ ọkọ̀ onígi tí a mọ̀. Ike ni, ó gùn bí ibùsùn méjì tí a tò nídìí ara wọn, ìdí ẹnì kan péré ló sì gbà. Káyáàkì ni wọ́n ń pè é. Mo fi ìka kàn án bí káfíńtà. Kò sí ìṣó, kò sí oríkèé.

"Kí ló so ó pọ̀?"

"Àdúrà," ni Gàníyù wí.

Ó ṣí àpótí mi. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́rin ló bá níbẹ̀, òjé rẹpẹtẹ tó ń fa okùn rì, ìwọ̀ oríṣiríṣi, ẹja irọ́ mẹ́tàlélógún, àti ìjókòó onírọ̀rí tí mo kàn fúnra mi. Ẹja irọ́ ni ike tí wọ́n kùn bí ẹja kékeré, tí ìwọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún bá ìwé tí ọmọbìnrin mi tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sọ nípa ẹja òyìnbó kan tó ń jẹ́ básì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lórí omi ni? Básì ò sí níbí."

"Kí ló wà?"

"Kúta. Ó gùn, eyín rẹ̀ mú, ohun tó bá sì ń sá ló máa ń lé. Kò ka ìwé yìí."

Mo fẹ́ kí àwọn tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ gbọ́ ohun tí ó fi kọ́ mi. Ọ̀pá kan tó, kó má gùn jù. Ẹja irọ́ mẹ́ta tó. Ẹ so wáyà tó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì sí àárín okùn àti ẹja irọ́, nítorí eyín kúta. Ẹ mú ẹ̀mú tí ẹ ó fi yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìka kọ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ìdákọ̀ró kékeré ni kí ẹ lò, kí ẹ so ó mọ́ imú ọkọ̀ tàbí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, omi tó ń ṣàn yóò dà yín nù. Ìjókòó onírọ̀rí mi dúró sí etí omi, nítorí bí ẹni bá jókòó sókè, ọkọ̀ kékeré á máa wá ọ̀nà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ara ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Mo ti fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí.

"Ẹ so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọkọ̀," ni Gàníyù wí. "Ohun tí ẹ ò bá so, ẹ ti fi tọrẹ fún ọ̀sà nìyẹn."

Mo so ọ̀pá ìwọ̀, mo so àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀. N kò so ẹ̀mú, n kò so fìlà. Mo rò pé ó ti pọ̀ jù.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ la bọ́ sórí omi, èmi nínú ọ̀kan, Gàníyù nínú èkejì. Mo wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń ro ọkà. Gàníyù ní kí n rọra, pé omi kò ní èpò. Fún wákàtí méjì, n kò rí nǹkan kan. Kúta kan fa ẹja irọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, okùn sì já gẹ́ẹ́. N kò so wáyà sí i, nítorí mo rò pé kò dára lójú. Mo so ó lẹ́yìn ìyẹn. Oòrùn ti ń ga. Mo ń ro eyín mẹ́rin.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Àna wa! Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Bàbá Làmídì ni, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi, nínú ọkọ̀ onígi rẹ̀, ó ń ti ibi ìgèrè ẹja rẹ̀ bọ̀. Òun ló gba ìdọ̀bálẹ̀ mi lọ́jọ́ ìtọrọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í kí àgbà ilé àna ní ìjókòó. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo gbé ọ̀pá kalẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, mo na ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀.

Káyáàkì kò mọ àṣà. Ó yí dà.

Mo gbé omi mì. Mo ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà. Láàárín rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Làmídì lókè:

"Dìde, dìde, a ti gbà á! Ha! Ìdọ̀bálẹ̀ yìí mà jinlẹ̀ o!"

"Ẹ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n!" ni Gàníyù ń pariwo. "Omi ò kọjá àyà yín!"

Mo fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Lóòótọ́, kò kọjá àyà. Fìlà mi ti ń bá omi lọ sí ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹ̀mú ti rì. Àjẹ̀ wà lẹ́nu okùn rẹ̀. Mo fa okùn kejì, ọ̀pá ìwọ̀ yọ, ṣùgbọ́n yanrìn ti wọ kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, kò yí mọ́. Mo bá ń fi ọwọ́ fa okùn náà wá, díẹ̀díẹ̀, kí n má baà pàdánù ẹja irọ́ náà pẹ̀lú.

Ní ìfà kẹrin tàbí karùn-ún, okùn náà fà mí padà.

Gàníyù wa ọkọ̀ sún mọ́ mi, ó na àwọ̀n. Bàbá Làmídì jágbe mọ́ ọn: "Má fọwọ́ kàn án! Tirẹ̀ ni!" Ó yíjú sí mi. "Bí o bá fi sílẹ̀, kòtè ni wọ́n máa pè ọ́ dójú ikú!"

N kò fi sílẹ̀. Okùn náà wọ inú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń ta mí bí iná. Mo ń fà, òun náà ń fà. Nígbà tó sún mọ́ mi, mo gbá a mọ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì mi bí ọmọ ọwọ́. Kúta ni. Ó gùn láti ìgúnpá mi dé orí ìka.

Bí mo ṣe tutù náà ni mo lọ bá Màmá. Wọ́n jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti kéré sí bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo gbé ẹja náà síwájú wọn. Mo retí pé wọ́n máa ṣí ìjàgbọ̀n rẹ̀, ibi tí ẹja fi ń mí, wò bóyá tútù ni. Wọn kò wò ó.

"Gbé ọwọ́ wá," wọ́n ní.

Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí okùn ti gé mi, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

"Ọjà kì í gé èèyàn báyìí," wọ́n ní. "Gàníyù, gbé ìkòkò kaná."

Nílé wa ní Ìkirè, àgbà ló ń jẹ orí ẹja. Nílé wọn, ẹni tó pa á ló ń jẹ ẹ́. Màmá ti orí náà sí iwájú mi. Wọ́n ń fi eyín mẹ́rin jẹ tiwọn, wọn kò kánjú. Wọ́n yọ egungun kan lẹ́nu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ kòtè yẹn, Ràfíátù ti sáré wọlé bá mi kí o tó dé. Ó ti rí ọ létí ọ̀sà. Ó ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ ẹ́. Omi ń bà á lẹ́rù, ó sì wọ̀ ọ́ dé orúnkún nítorí mi.'"

N kò mọ̀ pé ó rí mi. Ní gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀, kò sọ ọ́. Mo tẹjú mọ́ orí ẹja náà títí ojú mi fi gbẹ.

"Egungun pọ̀ nínú orí kúta," ni Màmá wí. "Má kánjú. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀bọ̀kún ni mo fẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ le jẹ."

Wọ́n yan ìdajì ẹja náà fún mi, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ẹ̀pẹ́, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé Ìkirè, n kò dé fìlà, àpótí mi sì fúyẹ́, nítorí mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún Gàníyù. Bí ìrìn àjò yìí bá kọ́ mi ní nǹkan kan, òun ni pé ohun díẹ̀ ló yẹ ká gbé wọ ọkọ̀ kékeré, ká sì so gbogbo rẹ̀. Okùn tí mo rò pé ó ti já ní ilé àna mi, ẹnì kan ti so ó fún mi tipẹ́tipẹ́, n kò sì mọ̀.

Ìyá Bísí ti gbọ́ òórùn ẹja kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí ìwé ìròyìn náà díẹ̀.

"Ẹja gidi! Bàbá Káfíńtà, èló lẹ rà á?"

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi tí okùn gé sí i. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wò ó títí.