Koríko Tí Mo Fi Owú Tu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú mi. Mo ti jowú koríko rí. Kì í ṣe ẹni tó ra mọ́tò tàbí ẹni tó kọ́lé ni mo jowú o. Koríko lásán, èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ. Àbí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín?

Ilé ọkọ mi wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Màpó, ilé alámọ̀ onípáànù, bíi ti gbogbo ilé àdúgbò náà nígbà yẹn. Ayé sáńítéṣọ̀n ni mò ń sọ. Bí Sátidé ìparí oṣù bá ti pé, gbogbo ìlú á jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ọkọ́, àwọn wolé-wolé á sì máa káàkiri. Ìyá Ṣẹ́gun ni wọ́n ń pè mí. Mò ń ta òwú àti bọ́tìnnì fáwọn télọ̀ ní Ọjà'ba, èmi sì ni ìyàwó àgbà nínú ilé.

Yàrá ìyá ọkọ mi ló wà ní igun ilé, ibẹ̀ gan-an sì ni àgbàrá tó ń ṣàn bọ̀ látòkè máa ń gbà kọjá. Bí òjò bá ti rọ̀, á fọ ilẹ̀ lọ títí ìpìlẹ̀ á fi yọ síta. Ta ló wá ń ru yanrìn látinú gọ́tà padà sẹ́sẹ̀ ògiri? Èmi ni. Ọdún méjìlá ni mo fi ru ú, garawa lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìyá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kì mí, á ní èmi ni ìyàwó tó gbé ilé òun ró. Ẹ̀yìn máa ń ro mí bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n bí Ìyá bá ti kì mí báyìí, ó tán.

Ni àbúrò ọkọ mi bá gbé ìyàwó wálé. Akọ̀wé ni mo máa ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ṣadé ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Agodi ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn. Ó rẹwà, ó kàwé, ó sì tún mọ̀wà hù. Ká ní ìwà rẹ̀ ò dáa ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí mi," mi ò sì rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àpò kan. Mo rò pé ẹ̀fọ́ ló rà. Ìgbà tó tú u sílẹ̀, koríko ni! Irú èyí tí wọ́n ń gbìn síwájú ọ́fíìsì ìjọba, tó máa ń tàn lórí ilẹ̀ bí ẹní. Ó gbìn ín yí ẹsẹ̀ ògiri Ìyá ká, ó sì ń bomi rin ín. Ó ṣàlàyé fún wa pé gbòǹgbò koríko máa ń di ilẹ̀ mú, pé omi ò ní rí erùpẹ̀ gbé lọ mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé wọn ò sọ fún un nílé wọn pé koríko kì í hù lẹ́nu ọ̀nà ilé tó léèyàn? Nínú àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa lọ́mọdé, tí apàlọ́ bá ti ní koríko bo ẹnu ọ̀nà ilé kan, a ti mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ti tán nìyẹn. Àdúrà wa náà kọ́ nìyẹn, pé kí koríko má hù lójú ọ̀nà ilé wa? Mo retí kí Ìyá gbè mí lẹ́yìn. Ìyá kàn ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, ká máa wò ó.

Ọmọ kẹ̀? Ìyàwó ilé bíi tèmi ló wá di ọmọ?

Òjò méjì, òjò mẹ́ta rọ̀, ilẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Garawa mi wà lẹ́yìn ilé, aláǹtakùn ti ta sínú rẹ̀. Ìyá ò kì mí mọ́, kí ló tún fẹ́ máa kì mí fún? Tí àlejò bá dé láti Òkè-Àdó, Ìyá á mú un lọ wo koríko, á ní ìyàwó òun kékeré ló ṣe é. Nírọ̀lẹ́, á gbé àpótí síbẹ̀, á tẹ́sẹ̀ sórí koríko náà, á ní ó tutù. Èmi á dúró lójú fèrèsé, màá máa wò ó bí ẹni ń wo orogún. Mo jowú, kò sí ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́.

Sátidé sáńítéṣọ̀n wá pé. Ìyá ti lọ sun ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Oníyanrìn. Ṣadé àti Akọ̀wé ń kó gọ́tà níwájú ilé. Mo gbé ọkọ́, mo gba igun ilé lọ. Mò ń sọ ọ́ sókè kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́, pé wolé-wolé ń bọ̀, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ilé wa tìtorí igbó. Ta ló máa bá mi jà lọ́jọ́ sáńítéṣọ̀n? Mo tu koríko náà. Gbòǹgbò rẹ̀ le, ó ń gbé erùpẹ̀ dání bọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi sì bó. Ìgbà tó ku díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó rẹ̀ mí, mo fi í sílẹ̀. Èyí tí mo tu, mo dà á fún ewúrẹ́.

Ṣadé dé, ó wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mo ní kò ṣẹ̀ mí, wolé-wolé ni. Ìgbà tí Ìyá dé tó bèèrè, Ṣadé ló yára dáhùn pé àwọn wolé-wolé ò fẹ́ igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó bo àṣírí mi. Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Ńṣe ló tún bí mi nínú sí i, pé ó tún fi ìwà jù mí lọ.

Ìpinnu mi ni pé màá bẹ̀rẹ̀ sí í ru yanrìn mi padà. Mo tiẹ̀ fọ garawa. Ṣùgbọ́n òjò ò dúró dè mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án, òjò ńlá bá mi nínú ìsọ̀ ní Ọjà'ba. Ìgbà tí mo máa fi délé, igun ilé ti wó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Ìyá jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gbe omi òjò. Mo rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, amọ̀ ti bò ó pátápátá. Abẹ́ fèrèsé níbi tí mo ti fi koríko díẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni ògiri ti dúró, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ga bí àtẹ̀gùn, omi ò rí i fọ̀.

Yàrá mi la gbé Ìyá lọ. Ó ní kí n jókòó ti òun. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún ilé ni.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ̀yìn rẹ ni mò ń rò. Mo máa ń gbọ́ bí o ṣe ń kérora tí o bá ń dìde láàárọ̀. Èmi ni mo bẹ Ṣadé pé kó bá mi wá nǹkan kan ṣe tí o ò fi ní ru yanrìn mọ́. Mo ní kó má sọ fún ọ, kí o má baà rò pé mo gba iṣẹ́ rẹ fún ẹlòmíì."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá ní òun ti mọ̀. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó ti sọ fún òun lọ́jọ́ tí òun dé.

Ọkọ mi àti Akọ̀wé fi búlọ́ọ̀kù mọ igun náà padà, àwọn aládùúgbò ń kí wa pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Koríko díẹ̀ tó kù lábẹ́ fèrèsé la gé gbìn. Ṣadé ń gé, èmi ń gbìn. Ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ jù. Mo gbọ́ tirẹ̀.

Tí mo bá ní owú ò ta mí mọ́ láti ọjọ́ náà, irọ́ ni mo pa. Ó ṣì máa ń ta mí. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ mú mi báyìí, màá kọ́kọ́ na ẹ̀yìn mi, tí kò ro mí mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí o tó gbé ọkọ́ sí ohun tí ẹlòmíì gbìn, kọ́kọ́ bèèrè ìdí tó fi gbìn ín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni mo tú àṣírí ara mi. Kí lẹ ti fi owú tu rí, tó wá jẹ́ pé torí yín ni wọ́n ṣe gbìn ín?