Ẹ́ńjìnnì Tí Wọn Ò Ṣí Rí

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé mi ò rí ilé tó wà ní òdìkejì títì wa l'Ọ̀yọ́. Eruku bo gbogbo nǹkan, ètè mi ti là, omi tí mo fi ṣe àlùwàlá tutù wọ eegun. Mo fi òrí pa ẹsẹ̀ mi, mo fi pa ẹsẹ̀ ọkọ mi náà. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wọ mọ́tò, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ là ń lọ.

Òwò pákó ni ọkọ mi ń ṣe kí àìsàn tó mú wọn lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, wọn ò lè dá rìn mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni dókítà tó ń tọ́jú wọn wà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la gbọ́dọ̀ lọ. Dókítà ò fi bò fún mi: tí a bá ń pa ọjọ́ jẹ, apá òsì lè tẹ̀ lé ti ọ̀tún. Píkáàpù tí wọ́n fi ń kó pákó ni ọkọ̀ wa. Ìjókòó iwájú rẹ̀ ga, ó sì há, ẹsẹ̀ wọn ò ṣe é ká síbẹ̀.

Ìgbà Sáàpù ni, náírà ti já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí à ń fi ojú lásán wò. Àbúrò mi, tó jẹ́ awakọ̀, ló bá wa rí akọ̀wé kan ní Takie l'Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìjókòó rẹ̀ rọ̀ dáadáa. Akọ̀wé yìí ń wá píkáàpù tí yóò máa fi kó oúnjẹ adìẹ. A ní ká kúkú pààrọ̀.

Mo sọ gbogbo àrùn ọkọ̀ wa fún un. Mo ní kì í sítáàtì lásìkò ọyẹ́, àfi tí èèyàn mẹ́ta bá tì í. Mo ní ilẹ̀kùn òsì, okùn la fi ń dè é. Mo ní rédíétọ̀ rẹ̀ ń mu omi bí ewúrẹ́ tó lá iyọ̀. Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í nípa tirẹ̀.

"Màmá," ó ní, "wọn ò ṣí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí rí."

Àbúrò mi mi orí pé ó tó. Lẹ́nu àwọn awakọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn tó ìbúra. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ náà ò tíì bàjẹ́ dé ibi tí mẹkáníìkì yóò ti tú inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. A pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, a pààrọ̀ ìwé, a dágbére.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi gbé ọkọ mi, a ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi tú èéfín, ló bá kú. Ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi mángòrò kan títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà sí Ọ̀yọ́, mẹkáníìkì wa fi àkísà nu nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n mú ìwé ọkọ̀ wá. Ìwé tí mo kà láyé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Ti ara irin ò bá ti inú ìwé mu.

"Màmá," ó ní, "ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn lèyí."

Mo lọ bá akọ̀wé. Ó ní ọjà tí a bá ti pààrọ̀, a kì í dá a padà. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé kóòtù ló kù.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Bàbá, a ò kúkú ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n rò ó wò. Wọ́n ní òótọ́ ni.

Nígbà tí a dé kóòtù láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn, akọ̀wé ò tíì dé. Ó tó wákàtí kan kó tó wọlé, eruku bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Adájọ́ bi í pé kí ló dá a dúró.

"Ẹ má bínú, Olúwa mi. Ọkọ̀ ni ò sítáàtì. Ọyẹ́ ni."

Ojú èmi àti àbúrò mi pàdé. Wọn ò tíì ní kí n sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé Kùránì fún mi, wọ́n gbé Bíbélì fún akọ̀wé. Mo ro ẹjọ́ mi, mo kó nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Adájọ́ kọjú sí akọ̀wé.

"Ṣé o sọ fún Màmá pé wọn ò ṣí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn rí?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Èyí tó bá ọkọ̀ náà wá, wọn ò ṣí i. Odindi ni wọ́n yọ ọ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Màmá ò bi mí."

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi í?"

Mo ní, "Olúwa mi, tí ìyá kan bá fẹ́ fún ọmọ mi níyàwó, tó ní ọmọ òun ò ṣàìsàn rí, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ bi í bóyá ọmọ tó ń wí yẹn náà ló wà níwájú mi?"

Ọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn pé, "Ẹ bi í o, Ìyá! Ayé ti yí!" Wọ́n ní kó jáde.

Akọ̀wé ní píkáàpù tèmi náà lárùn. Ó kà wọ́n: ọyẹ́, ilẹ̀kùn, omi. Adájọ́ bi í pé ta ló sọ fún un.

"Màmá ni."

"Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

"Ká tó pààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Olúwa mi, ta ló ń bú ọjà tó fẹ́ tà?"

Adájọ́ gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní kí n gbé píkáàpù mi, kí akọ̀wé wá wọ́ tirẹ̀ l'Ọ̀yọ́. Akọ̀wé ní òun ti kun píkáàpù náà lọ́dà tuntun. Adájọ́ bi mí bóyá èmi ni mo rán an. Mo ní rárá. Ó ní kí n máa gbé e lọ tọ̀dà-tọ̀dà. Àwọ̀ ewé ilá ni. Kò wù mí.

Nílé akọ̀wé, níbi tí píkáàpù kú sí, àbúrò mi wọlé síbi ìtukọ̀. Akọ̀wé wà lára àwọn mẹ́ta tó tì í.

"Màmá," ó ní, "ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́ lóòótọ́."

Mo ní, "Akọ̀wé, tì í."

Lọ́nà ilé, mo ń wo ìjókòó tí mo wà lórí rẹ̀. Ẹjọ́ ti parí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ mi ò tíì rí ibi tí yóò ká sí, ọjọ́ kejì sì ni ọjọ́ dókítà. Àfi bíi pé ẹnì kan gbá mi létí: ta ló ní iwájú ni wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó sí?

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti kírun tán, mo pe àwọn aládùúgbò. A gbé àga onítìmùtìmù ọkọ mi jáde láti pálọ̀, a gbé e sẹ́yìn píkáàpù, mo fi okùn de ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A gbé wọn lé e, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé wọn, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n lè di apá wọn mú. Mẹ́ta nínú àwọn aládùúgbò tì í, ó sítáàtì, àbúrò mi fẹ́ gba ọjà Akẹ̀sán. Mo gbá orí ọkọ̀, mo ní kó gba ibòmíràn, a ò lè gbé ọkùnrin tó jókòó lórí àga ńlá kọjá níwájú ààfin. Ní Takie, àwọn ọlọ́kadà ń kígbe "Kábíyèsí!" Ọkọ mi gbé ọwọ́ òsì sókè sí wọn. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwa la ṣe ẹnìkẹta lórí ìlà.