Bàbá Mi Lọ Kí Onílé

Inú ń bí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi tí wọ́n bí sí àdúgbò Runjin Sambo ní Sókótó níbí, kí ẹnìkan wá máa mú mi kiri ìlú bí àlejò! Ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n ní ká wá afinimọ̀nà. Lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n fi ta okùn màlúù ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran, wọ́n ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ láìdé Hubbare, níbi tí wọ́n sin àgbà aáfà ìlú náà sí.

Afinimọ̀nà wa, Hausa tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, kọ́kọ́ mú wa gba iwájú ààfin Súltáànì. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ kẹ̀kẹ́ maruwa kọjá níbẹ̀, mi ò gbójú sókè rí. Nígbà tó ní ká wo ilé gogoro mọ́sálásí, mo wò ó títí fìlà mi fi já bọ́ lẹ́yìn. Bàbá mi fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ní Hubbare, a bọ́ bàtà. Àwọn kan ń ka Kùránì wúyẹ́wúyẹ́. Kí n tó yíjú padà, bàbá mi ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ibojì.

"Subhanallahi! A'a, Baba!" Afinimọ̀nà sáré gbá wọn léjìká mú. Ó ní Ọlọ́hun nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún, kì í ṣe sàréè. Ojú tì mí gan-an.

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí. Hausa ti sá mọ́ wọn lẹ́nu, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. "Mi ò sìn wọ́n. Ogójì ọdún ni mo fi gbé ilé onílé, ibẹ̀ ni mo bímọ sí, mi ò kí wọn lọ́jọ́ kan. Mo wá ń lọ lọ́la. Ṣé orí ìnàró ni n ó wà tí n ó fi dágbére fágbà?"

Mo tú u sí Hausa. Afinimọ̀nà fà wọ́n dìde, ó ní sálámà tí wọ́n ń kí òkú ti tó. Ó ń sọ ọ́, bàbá mi ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá mi ṣì tẹ orúnkún díẹ̀. Afinimọ̀nà mójú kúrò níbẹ̀.

Èmi tí wọ́n bí sí Sókótó gan-an, ta ni mo kí rí? Mo dúró ti bàbá mi, mo kí sálámà tèmi.